Bí Ọkọ̀ Bá Dojúdé: Ẹ̀kọ́ Ìrànlọ́wọ́ Tí Kò Yẹ Kó Mọ sí Etí Omi

Ní Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, nítòsí ààfin Ewì, ìrànlọ́wọ́ ní ìlànà. Obìnrin tó ra àpò gaàrí tàbí agbọ̀n tòmátì kì í dá a gbé ka orí ara rẹ̀. Yóò ká òṣùká rẹ̀, yóò fi lé orí, yóò bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, yóò sì ké sí ẹni tó bá wà nítòsí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e rù." Ẹni tó bá dá a lóhùn kò ní fa ẹrù náà sókè lójijì. Yóò dúró sí òdì kejì, yóò fi ọwọ́ sí ìdí ẹrù, àwọn méjèèjì yóò jọ gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà, olùrànlọ́wọ́ kò sì ní yọwọ́ títí ẹlẹ́rù yóò fi sọ pé ó ti jókòó dáadáa. Bí ó bá dé ibi tó ń lọ, ẹlòmíràn ni yóò bá a sọ̀ ọ́. Bí olùrànlọ́wọ́ bá kánjú, ẹrù yóò yẹ̀, ọrùn lè rọ́, ọjà yóò sì dànù. Àwọn aláàárù mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Kò sí ẹni tó kó wọn jókòó sínú iyàrá ìkàwé láti kọ́ wọn. Ojú ni wọ́n fi rí i, ọwọ́ ni wọ́n sì fi kọ́ ọ.

Ohun méjì ló wà nínú ìṣe kékeré yìí. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó fẹ́ ranni lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọwọ́ ń lọ. Èkejì, tí àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé, ni pé ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Bí ẹlẹ́rù kò bá bẹ̀rẹ̀, tí kò bá mú ọrùn le, tí kò sì sọ̀rọ̀, kò sí bí alágbára méjì ṣe lè gbé ẹrù náà rù ú láìséwu. Lórí ilẹ̀, ọmọ Yorùbá mọ ohun méjèèjì yìí láti kékeré. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti omi, a máa ń fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún agbára, fún igbe, àti fún àdúrà. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti ń ṣòfò.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan ará Adó nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ìlú olókè ni Èkìtì. Kò ní òkun, kò ní ọ̀sà, kò sì sí ibi tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí kíláàsì bí àwọn ọmọ Makoko tàbí Ìlàjẹ ti ń ṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n adágún omi tí ìjọba mọ wà ní Ùrèjé nínú Adó fúnra rẹ̀, òmíràn wà ní Ìkún-Èkìtì, òmíràn sì wà ní Ìtapájì. Èkìtì bá Ìpínlẹ̀ Kwara àti Ìpínlẹ̀ Kogí pààlà, inú àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì sì ni Odò Ọya ń gbà kọjá. Ẹja gbígbẹ tí a ń tà lórí àtẹ ní Ọjà Ọba kò hù nínú oko. Ẹnìkan ló wọ ọkọ̀ lọ kó o láti inú omi. Láti ìgbà tí ètò àgùnbánirọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí kò rí ju odò ẹ̀yìnkùlé lọ ni wọ́n ti gbé lọ sí ìpínlẹ̀ tí ọ̀nà ọjà, ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àti ọ̀nà ilé ìwòsàn rẹ̀ jẹ́ omi. Ọmọ tó jáde ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì lónìí lè wà nínú ọkọ̀ ojú omi ní Bayelsa kí ọdún tó yípo. Àwọn òbí rẹ̀ yóò ra àpótí, ìbùsùn àti oògùn ibà fún un. Ta ni yóò kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe bí ọkọ̀ bá dojúdé?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rù lásán. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ní agbègbè Pàtígì ní Ìpínlẹ̀ Kwara tí í ṣe aládùúgbò Èkìtì, ọkọ̀ ojú omi kan tó kó àwọn ènìyàn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dànù lóru lórí Odò Ọya. Àwọn tó kú lé ní 100. Inú ìdílé kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ọkọ̀ mìíràn dànù ní Ogbaru ní Ìpínlẹ̀ Anambra nígbà tí ẹ̀kún omi gba gbogbo agbègbè náà, ènìyàn 76 ni ìjọba sì kéde pé ó bá a lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2024, gbajúmọ̀ òṣèré tíátà, Junior Pope, àti àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fíìmù kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ojú omi ní Anambra kan náà. Lẹ́yìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ nìyí: èrò pọ̀ jù, ilẹ̀ ti ṣú, ẹ̀wù ààbò tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì kò sí lára. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà béèrè: láàárín ìgbà tí ọkọ̀ dojúdé àti ìgbà tí olùgbàlà dé, kí ni àwọn tó wà nínú omi ṣe fún ara wọn, ta ló sì kọ́ wọn?

Àwọn kan wà láyé tí wọ́n ti sọ ìbéèrè yìí di ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ ní ìpele-ìpele. Àwọn olùkọ́ káyáàkì ni. Káyáàkì jẹ́ ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ènìyàn kan sábà máa ń jókòó sí. Orí rẹ̀ ní ìbòrí, àyàfi ihò tí awakọ̀ ń ti ẹsẹ̀ bọ̀. Àjẹ̀ olórí méjì ni wọ́n fi ń tù ú, orí kan ní apá ọ̀tún, èkejì ní apá òsì. Àwọn ará Inuit, tí wọ́n ń gbé ní Greenland àti àwọn ilẹ̀ yìnyín mìíràn ní àríwá ayé, ló dá a sílẹ̀. Awọ ẹran omi ni wọ́n fi ń bo egungun ọkọ̀ náà, wọn a sì fi ṣọdẹ lórí òkun tó tutù débi pé ẹni tó bá pẹ́ nínú rẹ̀ kò ní yè. Nítorí náà, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń dìde lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá dojúdé ti jẹ́ apá kan iṣẹ́ ọdẹ náà. Lónìí, eré ìdárayá ni káyáàkì jẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jìnnà sí etí omi kí ó tó kọ́ ọ bí a ṣe ń dojúdé.

Ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ni jíjáde. Nínú omi tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí kò jìn ju àyà lọ, tí olùkọ́ sì dúró tì í, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀ọ́mọ̀ yí ọkọ̀ ara rẹ̀ dé. Orí rẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀, omi yóò wọ imú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì máa sọ fún un pé kí ó máa jà. Ẹ̀kọ́ náà ni pé kí ó má jà. Yóò tẹ àyà síwájú, yóò fi ọwọ́ lu ikùn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò fa okùn aṣọ tí a fi dé ẹnu ihò ìjókòó, yóò fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ jáde bí ẹni tó ń bọ́ ṣòkòtò, yóò sì yọ sókè. Lílù tó lu ọkọ̀ yẹn ní ìdí. Ó ń fi han olùkọ́ pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì ń ké sí ẹni tó bá wà nítòsí. Bí ó bá ti yọ sókè, kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó dojúdé ṣì ń léfòó, ó sì tóbi ju orí ènìyàn lọ. Ẹni tó ń wá wọn yóò tètè rí i. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ̀wẹ̀ dáadáa ló ti kú nítorí pé wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n rò pé etí omi kò jìnnà.

Lẹ́yìn èyí ni ìrànlọ́wọ́ fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, ó sì jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òṣùká ní Ọjà Ọba débi pé ó yani lẹ́nu. Olùgbàlà kò ní bọ́ sínú omi. Yóò tu ọkọ̀ tirẹ̀ wá sí imú ọkọ̀ tó dojúdé. Kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ṣé o ti fara pa? Ṣé o gbọ́ mi? Di ọkọ̀ mi mú, má ṣe di èmi mú. Nígbà tí ẹni tó wà nínú omi bá ti ní ibi tó dì mú, olùgbàlà yóò gbé imú ọkọ̀ náà sókè, yóò fà á gun orí ọkọ̀ tirẹ̀ ní ìdábùú, títí ọkọ̀ méjèèjì yóò fi rí bí lẹ́tà T. Ní dídojúdé tó wà yẹn, omi inú rẹ̀ yóò dà jáde. Yóò wá yí i padà, yóò tì í sínú omi, yóò fà á wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, imú ọkọ̀ kan sí ìdí èkejì, yóò sì fara tẹ̀ ẹ́, yóò fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ihò ìjókòó mú ṣinṣin. Ọkọ̀ méjèèjì yóò wá dúró bí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó fẹ̀, tí kò rọrùn láti dànù.

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ kan ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́. Yóò fi ẹsẹ̀ lu omi, yóò fi àyà gun ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀ láàárín ọkọ̀ méjèèjì, yóò ti ẹsẹ̀ bọ inú ihò, yóò sì rọra yí ara rẹ̀ padà títí yóò fi jókòó. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá lágbára lè kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ kan bọ ihò náà nígbà tó ṣì wà nínú omi, kí ó fi ẹsẹ̀ yẹn fa ara rẹ̀ gòkè. Gbogbo ìgbà yìí, olùgbàlà kò ní yọwọ́. Yóò dúró títí ẹnìkejì rẹ̀ yóò fi jókòó dáadáa, tí àjẹ̀ yóò fi padà sí ọwọ́ rẹ̀, tí èémí rẹ̀ yóò sì ti balẹ̀. Ẹni méjì tó ti fi èyí ṣe ìdánrawò lè parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni méjì tí kò ṣe é rí lè gba ìdajì wákàtí kí wọ́n má sì rí i ṣe.

Ọ̀nà mìíràn tún wà fún ẹni tí kò tíì jáde nínú ọkọ̀. Yóò lu ikùn ọkọ̀ rẹ̀, yóò wá na ọwọ́ méjèèjì sókè sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lórí omi, yóò sì máa gbé wọn lọ síwájú, gbé wọn bọ̀ lẹ́yìn, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sáré tu ọkọ̀ wá, yóò rọra fi imú rẹ̀ kan ọwọ́ náà. Ẹni tó dojúdé yóò dì í mú, yóò fi ìbàdí yí ọkọ̀ rẹ̀ padà, yóò sì dìde. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, ẹni tó wà lábẹ́ omi gbọ́dọ̀ gbàgbọ́ pé ẹnìkan ń bọ̀, ẹni tó ń bọ̀ sì gbọ́dọ̀ ti máa wo ẹ̀yìn kí lílù náà tó dún. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ fi máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kò sí ẹni tó ń dá tukọ̀ nínú ẹgbẹ́. Ojú ẹni kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lára ẹnìkejì.

Bí a bá yọ orúkọ káyáàkì kúrò, òye tó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju mẹ́rin lọ. Má ṣe fi ohun tó ń léfòó sílẹ̀. Sọ̀rọ̀ kí o tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Fún ẹni tó wà nínú omi ní ohun tí yóò dì mú, kí ohun náà má sì jẹ́ ara rẹ. Má ṣe yọwọ́ títí yóò fi jókòó dáadáa.

Ìkẹta nínú wọn ló ń pa àwọn ènìyàn rere jù. Ìròyìn kan náà ló ń jáde lọ́dọọdún: ọmọ kan já sínú odò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ tẹ̀lé e, bàbá bẹ́ tẹ̀lé àwọn méjèèjì, òkú mẹ́ta ni wọ́n sì gbé wálé. Ẹni tó ń rì kò lérò mọ́ nígbà yẹn. Ara rẹ̀ ló ń wá ibi gíga láti gùn, orí ẹni tó wá gbà á ló sì sábà máa ń gùn. Kì í ṣe ìwà ìkà. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ ìgbàlà lórí omi káàkiri ayé fi fi ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ ṣe àtẹ̀gùn: kọ́kọ́ ké sí i, bí kò bá tó, na igi tàbí aṣọ sí i láti etí omi, bí kò bá tó, ju okùn tàbí ohun tó ń léfòó sí i, bí kò bá tó, tukọ̀ lọ bá a. Wíwọ omi lọ bá a ló kẹ́yìn pátápátá, ti ẹni tó ti kọ́ ọ sì ni. Jẹ́ríkánì òfìfo tí a dé lẹ́nu pinpin lè gbé ènìyàn léfòó. Jẹ́ríkánì kò sì wọ́n ní Ọjà Ọba, kò sì wọ́n ní etí odò kankan ní Nàìjíríà. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè jù ú ni ó wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yìí fúnra rẹ̀ lè di ewu bí ẹni tó ń kọ́ni kò bá mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1993, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣètò ìdárayá fún àwọn ọ̀dọ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ láti ìlú Plymouth, pẹ̀lú olùkọ́ wọn kan àti atọ́nà méjì, lọ sójú òkun ní Lyme Bay ní gúúsù England. Inú káyáàkì ni gbogbo wọn wà. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ olùkọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dojúdé léraléra. Ọ̀kan nínú àwọn atọ́nà dúró láti ràn án lọ́wọ́. Atọ́nà kejì kó àwọn ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ, wọ́n di ọkọ̀ ara wọn mú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gbé wọn lọ sí agbami. Ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọkọ̀ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dojúdé. Kò sí iná àmì ìpè fún ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀kọ́ tí àwọn atọ́nà méjèèjì ní kò sì ju ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn olùgbàlà fi dé, ó ti pé wákàtí púpọ̀ tí wọ́n ti wà nínú omi tútù. Mẹ́rin nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kú.

Ohun tó tẹ̀lé e ló yẹ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà gbọ́. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù, ó hàn pé ní ọdún tó ṣáájú, àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó ti fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wọn pé àbò kò tó àti pé ẹnìkan lè kú bí wọn kò bá tún un ṣe. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, kóòtù dá ilé iṣẹ́ náà lẹ́bi ikú àwọn ọmọ náà, ó sì sọ ọ̀gá àgbà rẹ̀ sẹ́wọ̀n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní England tí kóòtù yóò dá ilé iṣẹ́ kan lẹ́bi irú ẹ̀ṣẹ̀ ìpànìyàn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1995, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin tó sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá ń gba owó láti kó ọmọdé lọ ṣe irú ìdárayá eléwu bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kí àwọn alábòójútó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn òbí tó sọ ọmọ nù kò jókòó sílé sunkún nìkan; wọ́n jà títí òfin náà fi jáde. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò fara sin. Ìfẹ́ tí atọ́nà kan ní sí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rọ́pò ìmọ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó ń dojúdé lè tú gbogbo ẹgbẹ́ ká, bí kò bá sí ètò tí wọ́n ti fi dánrawò ṣáájú.

Nàìjíríà náà ní òfin. Àjọ NIWA, tó ń bójú tó ọ̀nà omi lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Lọ́kọ́ja, ti pàṣẹ pé kí gbogbo èrò wọ ẹ̀wù ààbò, kí ọkọ̀ má ṣe rin ìrìn òru, kí wọ́n má sì kó èrò ju bó ti yẹ lọ. Òfin wọ̀nyí dára, ó sì yẹ kí a máa béèrè pé kí wọ́n tẹ̀lé wọn. Ṣùgbọ́n òfin kì í wà nínú omi pẹ̀lú èrò. Ẹni tó bá wà nínú omi pẹ̀lú rẹ ni ẹni tó jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé mọ èyí. Nínú ìròyìn tó gbé jáde ní ọdún 2024, ó ní nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló kú nínú omi lágbàáyé ní ọdún 2021, pé ó lé ní ìdajì wọn tí kò tíì pé ọmọ 30 ọdún, àti pé nínú 100 tó bá kú, 92 ló jẹ́ ará orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ tàbí tí ó kàn ń gbìyànjú. Lára ohun mẹ́fà tí àjọ náà ní kí ìjọba máa ṣe, ọ̀kan ni kíkọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́ àti ọgbọ́n àbò, òmíràn sì ni kíkọ́ àwọn ará ìlú ní bí a ṣe ń gba ẹlòmíràn là láìséwu. Ọjọ́ 25 oṣù Keje ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti ìgbà tí ó ti ṣe ìpinnu lórí rẹ̀ ní ọdún 2021, kí ayé lè máa rántí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn kan yóò sọ pé ọkọ̀ tó dànù ní Pàtígì kì í ṣe káyáàkì. Kò sí ẹni kan tó lè fa ọkọ̀ pákó tó kó ọgọ́rùn-ún èèyàn gun orí ọkọ̀ mìíràn kí omi lè dà jáde. Wọ́n sọ òótọ́. Ohun tí a fẹ́ mú nínú ẹ̀kọ́ káyáàkì kì í ṣe bí a ṣe ń fa ọkọ̀. Òye mẹ́rin yẹn ni, àti àṣà mímọ̀ọ́mọ̀ dojúdé ní ibi tí kò séwu, kí ọjọ́ ewu má baà jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọkọ̀ pákó tó dojúdé náà máa ń léfòó. Ogún ènìyàn tó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, tí wọ́n ń pe orúkọ ara wọn, tí wọ́n ń ka iye ara wọn, tí wọ́n sì gbé àwọn ọmọdé gun orí ikùn ọkọ̀ náà, ní ìrètí ju ogún ènìyàn tó fọ́n ká nínú òkùnkùn, tí oníkálukú ń wá ọ̀nà tirẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní àṣà òyìnbó ni ọ̀rọ̀ káyáàkì. Ọkọ̀ tó pẹ́ jù lọ tí wọ́n tíì rí ní Áfíríkà, Nàìjíríà ni wọ́n ti wú u: ọkọ̀ Dufuna, tí darandaran kan ṣàdédé bá pàdé ní ọdún 1987 ní ibi tí a mọ̀ sí Ìpínlẹ̀ Yobe báyìí, tí àwọn onímọ̀ sì sọ pé ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Ní ti eré ìdárayá, Jonathan Akinyemi, tí wọ́n bí sí Britain, ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje káyáàkì ní Òlíńpíìkì London ní ọdún 2012. Ayomide Bello gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nínú ìdíje ọkọ̀ títù ní Eré Ìdárayá Áfíríkà ní Rabat ní ọdún 2019, ó sì kópa ní Òlíńpíìkì Tokyo ní ọdún 2021. Omi kò mọ ẹni tó ni àṣà. Ẹni tó bá já sínú rẹ̀ ló mọ̀.

Kí ni ó lè ṣeé ṣe ní Adó? Kò sí ìdí láti gbé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ sórí adágún tí ìlú ń mu. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà ní àwọn ilé ìtura, òmíràn sì wà ní Ìkọ́gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Ọ̀sán Sátidé mẹ́rin tó láti kọ́ ọmọ ọdún 15 bí a ṣe ń léfòó lẹ́yìn, bí a ṣe ń wọ ẹ̀wù ààbò kí ó má bọ́ lọ́rùn, bí a ṣe ń ju okùn àti jẹ́ríkánì, àti bí ẹni tó wà nínú omi ṣe ń jẹ́ kí a ran òun lọ́wọ́. Àwọn tó yẹ kí ó kọ́ wọn wà: àwọn olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí, àwọn ọmọ ológun orí omi tó ti fẹ̀yìn tì, àti àwọn atukọ̀ láti Ìlàjẹ tó mọ omi bí ẹni mọ owó. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ béèrè ìwé ẹ̀rí olùkọ́, kí ó ka iye akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ń mú, kí ó sì kọ̀wé sí àwọn òbí. Ìrántí Lyme Bay yẹ kí ó wà lórí tábìlì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó gbé ọmọ kankan jáde. Àjọ àgùnbánirọ̀ náà lè fi wákàtí mẹ́ta kún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò ní àgọ́, pàápàá fún àwọn tí wọn yóò gbé lọ sí etí omi. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ìrìn ológun; ìrìn ológun kò gba ẹnikẹ́ni là nínú odò rí.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. A ti gbọ́ ti Pàtígì, a ti gbọ́ ti Ogbaru. Ọkọ̀ tó kàn yóò kúrò ní èbúté ní òwúrọ̀ ọ̀la, ọmọ Èkìtì kan sì lè wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìpè rẹ̀ nínú nálọ́ọ̀nù kí omi má baà tà sí i. Ìwé náà ti ní ààbò. Ó kù sí ẹni tó gbé e lọ́wọ́.